Oyè building surveying nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí owó yín ń rà, àti iṣẹ́ tó ń gbé yín dé

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni oyè building surveying ọlọ́dún mẹ́ta tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni, pẹ̀lú ọdún méjì ìkọ́ṣẹ́ tó sábà máa ń tẹ̀ lé e kí èèyàn tó lè kọ MRICS sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìyẹn àmì pé ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ RICS, àjọ àwọn surveyor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdájọ́ wa rèé, kí ẹni tí kò ráyè ka èyí tó kù lè mú un lọ: ẹ̀kọ́ gidi ni, ó sì tó ohun tí èèyàn ń náwó sí, níbi tí wọ́n bá ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ilé tó ti gbó, tó ń jò, tí ògiri rẹ̀ ń lanu. Níbi tó bá jẹ́ pé inú kíláàsì àti ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, ìwé ẹ̀rí lẹ máa gbà, ẹ ò ní gba iṣẹ́ sọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń kó gbogbo ẹni tó ń jẹ́ surveyor pọ̀. Quantity surveyor ló ń ṣírò iye bíríkì, irin àti owó iṣẹ́. Land surveyor ló ń wọn ilẹ̀. Valuer ló ń sọ iye tí ilé tó lọ́jà. Ní ti building surveyor, ilé tó ti wà lórí ìdúró ni oko rẹ̀. Kí ló ń ṣe ilé yìí? Kí ló fà á? Ta ni àtúnṣe rẹ̀ kàn lábẹ́ òfin? Báwo la ṣe máa tún un ṣe, èló ló máa ná wa, ta ló sì máa dúró ti agbaṣẹ́ṣe títí iṣẹ́ á fi parí? Àwọn ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ náà wà fún, ẹ sì lè fi wọ́n wọn gbogbo kọ́ọ̀sì tí yunifásítì bá tò síwájú yín.

Ọdún kìíní máa ń jọ ohun tí kò le. Orúkọ ẹ̀yà ara ilé ni wọ́n ń kọ́ni: ìpìlẹ̀, DPC tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà, ògiri onípele méjì tó ní àlàfo láàárín, líńtẹ̀lì, igi òrùlé. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Bíríkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní gùn ní mílímítà 215, ó fẹ̀ ní 102.5, ó sì ga ní 65. Tí ẹ bá fi mílímítà 10 ti símẹ́ńtì tó so wọ́n pọ̀ kún un, ìlà bíríkì kan di 75, ìlà mẹ́rin di 300. Ẹni tó bá ti mọ èyí lórí lè dúró lójú títì kó ka ìlà, kó sì sọ gíga fèrèsé láì gun àkàbà. Ó lè wo fọ́tò kan péré kó rí i pé ilẹ̀ ìta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá DPC, nígbà tó jẹ́ pé mílímítà 150, ìyẹn ìlà bíríkì méjì, ló yẹ kó wà láàárín wọn. Tó bá rí orí bíríkì àti ẹ̀gbẹ́ bíríkì tí wọ́n ń gba ara wọn jẹ́ lójú ògiri, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ògiri náà dí gbọnyin, kó má ní àlàfo nínú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló hàn, àfàìmọ̀ kí àlàfo má wà níbẹ̀. Irú ògiri tó bá jẹ́ ló ń sọ irú àìsàn tó lè ṣe é, nítorí náà ẹni tó bá sáré kọjá ọdún kìíní máa padà jìyà rẹ̀ ní ọdún kejì.

Ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ àìsàn ilé, tí wọ́n ń pè ní building pathology, máa ń bẹ̀rẹ̀, òun ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi dá yunifásítì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rinrin ògiri, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ olùkọ́ tó mọṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń ka ìwé síni létí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mú mítà ọ̀rinrin, ó fi abẹ́rẹ́ méjì orí rẹ̀ gún ògiri, mítà gbé 28 jáde, òun náà kọ ọ́ pé omi ń gòkè láti inú ilẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí ìdí ògiri kí wọ́n sì fi kẹ́míkà ṣe DPC tuntun. Àṣìṣe tó ń ná onílé lówó gọbọi nìyẹn. Igi ni wọ́n dìídì ṣe mítà náà fún. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì kọjá ló ń wọ̀n, kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Lára igi, nọ́ńbà tó bá gbé jáde ṣeé gbára lé. Lára bíríkì àti pílásítà, ohun tó kàn ń tọ́ka ni. Iyọ̀ tó bá ti wọnú ògiri máa ń gbé nọ́ńbà náà sókè. Bébà onírin tó wà lẹ́yìn pátákó pílásítà náà ń gbé e sókè. Ògiri ọ̀hún sì lè gbẹ táútáú.

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ dáadáa, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri, kó máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo mílímítà 150 títí dé mítà kan ààbọ̀, kó sì ya àwòrán bí nọ́ńbà ṣe ń lọ. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ máa ń ga nísàlẹ̀, á wá já wálẹ̀ lójijì níwọ̀n mítà kan sókè, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ré kọjá mítà kan ààbọ̀. Níbi tó bá parí sí, ẹ máa rí ìlà iyọ̀ tó fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Omi òjò tó ń wọlé láti ìta kì í tẹ̀ lé ìlà kankan: á yọ àbàwọ́n roboto bí abọ́ sábẹ́ gọ́tà tó ya tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì máa fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò. Ìrì tó ń sẹ̀ sára ògiri láti inú afẹ́fẹ́ yàrá ní tirẹ̀, ojú ògiri nìkan ló ń rin, inú á gbẹ. Igun òkè àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni èébu dúdú rẹ̀ (mould) ti ń hù. Afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 20, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100, á bẹ̀rẹ̀ sí í di omi lára ohunkóhun tó bá tutù tó dígírì 12. Ẹni tó mọ èyí á mú ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ojú ògiri dání pẹ̀lú mítà.

Lẹ́yìn èyí, kó jáde síta. Gọ́tà ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ti bo DPC? Ṣé símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá DPC tó fi di afárá fún omi? Ṣé ilé àtijọ́ tí wọ́n fi láìmù kọ́, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń fi mọlé kí símẹ́ńtì tó dé, ni wọ́n wá fi símẹ́ńtì bò, tí omi tó bá wọlé kò fi rí ọ̀nà jáde mọ́? Tí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n á lu ihò, wọ́n á gba ìyẹ̀fun láti inú ògiri níbi jíjìn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú ààrò, wọ́n á tún un wọ̀n. Iye tó bá fi fúyẹ́ sí i ni omi tó wà nínú rẹ̀. Igi ìdí ògiri sì lè sọ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ, torí òun ni mítà mọ̀ ọ́n wọ̀n: tó bá ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ, àyè ti ṣí fún jíjẹrà. Ilé tí wọ́n bá kọ́ ṣáájú ọdún 2000 lè ní asbestos nínú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lu ohunkóhun níhò kó tó mọ ohun tó fẹ́ lù. Ọdún 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo rẹ̀ tán, èyí tó ti wà lára ilé sì wà níbẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ohun tó la ògiri lẹ́nu ni surveyor ń wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń kọ́ni ní ìpín tí ilé iṣẹ́ ìwádìí BRE ṣe sínú ìwé rẹ̀, Digest 251, lórí bí ẹnu ògiri ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí kò tó mílímítà 0.1 ò ju irun orí lọ; èyí tó dé mílímítà 1, ọ̀dà ló máa bò ó; tó bá dé 5, ilẹ̀kùn lè máa ha díẹ̀; láti 5 sí 15, ó ti di iṣẹ́ bíríkìlà; 15 sí 25 ń fẹ́ kí wọ́n wó apá kan ògiri kí wọ́n tún un mọ; èyí tó bá ju 25 lọ, ilé náà lè máà dúró mọ́. Ó dára kéèyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ̀ tó kò sọ ohun tó fà á, ibí sì ni ẹ̀kọ́ tí kò jinlẹ̀ ti ń tú. Ẹ wò ó bóyá òkè ló fẹ̀ jù tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó kọjá sábẹ́ DPC: èyí tó dúró gbọn-in lórí DPC, tó sì fẹ̀ bákan náà látòkè délẹ̀, ooru àti òtútù ló sábà máa ń fà á, èyí tó wọnú ilẹ̀ lọ, ìpìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ wo inú rẹ̀: tí ọ̀dà àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ó ti pẹ́, tí etí rẹ̀ bá mú, tí inú rẹ̀ mọ́, kò tíì pẹ́. Èyí tó bá lọ gbọọrọ ní ìbú, tó tún ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìlà bíríkì mẹ́fà-mẹ́fà, ìyẹn mílímítà 450, irin tó so ògiri méjèèjì pọ̀ láàárín àlàfo ló ń dípẹtà. Ìpata máa ń wú, ó sì ń gbé bíríkì sókè. Kò sí ọ̀dà tó lè wo ìyẹn sàn.

Lórí ilẹ̀ amọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú ilẹ̀ sún kì, pàápàá níbi tí igi ńlá bá wà nítòsí, ìgbà òtútù á sì tún mú un wú. Ẹni tó bá wọn ẹnu ògiri ní oṣù kẹjọ nìkan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ní kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun sábẹ́ ilé, kò rí ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó kéré tán, ọdún kan ló yẹ kí wọ́n fi máa wọ̀n ọ́n. A ti rí i pé àwọn yunifásítì tó ní ilé àtijọ́ kan lọ́wọ́, tí wọ́n fi àmì irin sí ẹnu ògiri rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀n láti sáà dé sáà, àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn kì í sáré dájọ́.

Ọdún kẹta ni a ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀ jù. Ìwé ìwádìí gígùn ni wọ́n sábà máa ń fi parí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìjábọ̀ àyẹ̀wò ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fi jẹun. Ọgbọ́n méjèèjì yàtọ̀ pátápátá. Ìjábọ̀ tí kò wúlò á kọ ọ́ pé "òrùlé wà ní ipò tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu." Oníbàárà kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Èyí tó péye á kọ ọ́ pé síléètì mẹ́ta ti yọ lápá àríwá òrùlé, lókè fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ìṣó wọn ló ti dípẹtà. Omi ti kan igi tó gbé wọn, mítà sì gbé 24 jáde lára igi náà. Ẹ fi síléètì tó bá a mu rọ́pò wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí káfíńtà wo igi náà. A kò rí apá gúúsù nítorí pé kò síbi tí a lè dúró tí a fi máa rí i. Àléébù, ibi tó wà, ohun tó fà á, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àti ohun tí ojú kò tó. Tí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, ibẹ̀ ni lọ́yà máa gbà wọlé lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé.

Ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó àdéhùn iṣẹ́ náà máa ń fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n á fi àdéhùn JCT, ìwé àdéhùn ìkọ́lé tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, han akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sọ ohun tí practical completion jẹ́, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ka iṣẹ́ sí èyí tó ti parí, ó tán. Ohun tí wọn kì í sọ dáadáa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí surveyor bá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì parí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni owó ìtanràn tí agbaṣẹ́ṣe ń san fún ìfàsẹ́yìn dúró, ìdajì owó tí wọ́n dì mú lọ́wọ́ rẹ̀ di sísan, ewu tó bá ṣe ilé sì padà sọ́rùn onílé. Ìwé olójú ewé kan ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti gba ẹ̀kọ́ yìí, wọn kò sì dọ́gba. Ọlọ́dún mẹ́ta gbọọrọ ló yá jù fún ẹni tí kò tíì ní oyè kankan, ṣùgbọ́n òun ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ jáde láì tíì fọwọ́ kan iṣẹ́. Ọlọ́dún mẹ́rin, tí wọ́n ń fi ọdún kan láàárín rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ni a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó fúnra rẹ̀ níyànjú láti mú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń padà gba ẹni tó bá lo ọdún yẹn lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ti ní oyè nínú nǹkan míì lè ṣe MSc, ọdún kan tó bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà, ọdún méjì tó bá ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́. Ó ń yára jù fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, nítorí ìmọ̀ ọdún kìíní yẹn ni wọ́n ń fò. Ìkẹrin ni apprenticeship: agbanisíṣẹ́ ló ń gbà yín, ẹ̀ ń gbowó oṣù, ẹ kì í san owó ilé ẹ̀kọ́, ó ń tó ọdún márùn-ún, ẹ̀ ń kàwé lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ sì ń fi ìdánwò RICS parí rẹ̀. Lójú tiwa, òun ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá wá láti òkè òkun lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á, àánú èyí sì ṣe wá.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ wò ó lójúlé RICS lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá kọ́ọ̀sì náà gan-an, kì í ṣe yunifásítì nìkan, wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà yín dé MRICS máa gùn.

RICS ti wà láti ọdún 1868, ìdánwò rẹ̀ tó ń jẹ́ APC ló sì ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí oníbàárà lè fọkàn tán. Ẹni tó gba oyè tí wọ́n fọwọ́ sí tí kò sì tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa fi oṣù 24 kọ́ṣẹ́, ó kéré tán 400 ọjọ́ iṣẹ́, á sì máa ṣe wákàtí 48 ẹ̀kọ́ àfikún lọ́dún. Ẹni tó ti jẹ́ MRICS tàbí FRICS gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ sọ́nà. Ó máa kọ ọ̀rọ̀ 3,000 nípa iṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí, á kọ àkópọ̀ ìrírí rẹ̀, á yege nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́, á wá jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ fún wákàtí kan: ìṣẹ́jú 10 ló máa fi sọ iṣẹ́ tó kọ, èyí tó kù di ìbéèrè.

Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú níbẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀wé. "A ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún" ni wọ́n máa ń sọ, àwọn àgbà ò wá rí ohun tí ẹni tó jókòó síwájú wọn fúnra rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ràn tí oníbàárà gba lẹ́nu yín àti ìdí tí ẹ fi fún un ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Èkejì ni pé kí wọ́n lo oṣù mẹ́rìnlélógún lórí irú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tó bá fi yín sí ìdí àyẹ̀wò ilé gbígbé nìkan kò ní fún yín ní ohun tí ẹ máa sọ nípa àdéhùn iṣẹ́ tàbí yíya àwòrán àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa béèrè wọn dé gbòǹgbò. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́.

Ní ti iṣẹ́ tó wà níwájú, ibi tí ọjà yìí ti dùn jù nìyí, nítorí ó gbòòrò ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún lọ. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni àyẹ̀wò ilé fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ìpele mẹ́ta ló wà. Ìpele kẹta ló jinlẹ̀ jù, ilé àtijọ́ àti ilé tí wọ́n ti tún ṣe kiri ló sì yẹ fún. Ìdánìkanwà pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ìjábọ̀ sì pọ̀ láti kọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíkọ kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Èyí tí agbára surveyor ti ń hàn jù, lójú tiwa, ni dilapidations. Ayálégbé ilé iṣẹ́ kó jáde lópin àdéhùn, onílé ní kò tọ́jú ilé bó ṣe ṣèlérí. Surveyor onílé á wọ inú ilé lọ, á kọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ: gbólóhùn inú àdéhùn tí wọ́n rú, ohun tó bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀, iye rẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí ìwé yẹn dé ọwọ́ ayálégbé láàárín ọjọ́ 56 lẹ́yìn tí àdéhùn parí. Surveyor ayálégbé náà á gbé tirẹ̀ dìde, òfin ọdún 1927 lórí onílé àti ayálégbé sì ni idà rẹ̀: abala kejìdínlógún rẹ̀ kò jẹ́ kí onílé gbà ju iye tí àìtúnṣe náà fi dín iye ilé rẹ̀ kù lọ. Tó bá jẹ́ pé onílé fẹ́ wó ilé náà láìpẹ́, àtúnṣe tí ìwólulẹ̀ máa sọ dòfo kò ní owó kankan nínú. Ibí la ti ń rí ìmọ̀ ilé àti ìmọ̀ òfin tí wọ́n dì mọ́ra nínú ojú ewé kan náà, owó tó ń wọlé nídìí rẹ̀ sì ń fi hàn pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é.

Òfin Party Wall ti 1996, tó kan England àti Wales, náà ń pèsè iṣẹ́ tó ń lọ déédéé. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ògiri àjọni gbọ́dọ̀ fún aládùúgbò ní ìwé ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láàárín mítà mẹ́ta sí ilé aládùúgbò, tó sì fẹ́ jìn ju ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ, oṣù kan. Tí aládùúgbò kò bá fèsì láàárín ọjọ́ 14, àríyànjiyàn ti wà nìyẹn lójú òfin, surveyor á sì wọlé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbé fún ọmọ tuntun ni kíkọ ipò tí ilé aládùúgbò wà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò gbogbo ibi tí ògiri ti lanu, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi àtijọ́ ru agbaṣẹ́ṣe tuntun.

Ọ̀rọ̀ iná ti yí iṣẹ́ yìí padà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2017, iná Grenfell Tower ní London gba ẹ̀mí èèyàn 72. Òfin Building Safety Act 2022 tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ya ilé gbígbé tó ga tó mítà 18 tàbí alájà méje sọ́tọ̀ pé ewu rẹ̀ pọ̀, láti ọdún 2024 ni England sì ti ní kí ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ building control, ìyẹn yíyẹ̀ wò bóyá ilé bá òfin ìkọ́lé mu, lọ forúkọ sílẹ̀ kó sì yege nínú ìdánwò lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn níjọba ìbílẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí kejì láti lépa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rẹ̀ ṣì ń fi ọjọ́ kan péré kọ́ni ní ọ̀rọ̀ iná ní láti wá ìyókù fúnra rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn ẹgbẹ́ tó ń yá àwọn èèyàn nílé ń wá ẹni tó máa yẹ ẹgbẹ̀rún ilé wò. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń wá ẹni tó lè sọ bóyá òjò ló bà á jẹ́ tàbí àìtọ́jú. Báńkì ń wá ẹni tó máa ṣọ́ owó tí wọ́n yá akọ́lé. Ilé ìwòsàn àti yunifásítì ní ilé tiwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò sì ń wá ẹni tó mọ láìmù yàtọ̀ sí símẹ́ńtì. Kí ẹni tó ń gbèrò Australia mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yìí níbẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó ń yẹ àwòrán ilé wò, tó ń fún akọ́lé ní ìwé àṣẹ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Victoria, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fúnni ní àṣẹ iṣẹ́ tirẹ̀. MRICS nìkan kò ní ṣílẹ̀kùn yẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí yunifásítì náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba àlejò, ẹ sì béèrè nǹkan mélòó kan láìtijú. Ilé mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wọ̀ láti ọdún kìíní dé ìkẹta, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sì ń di mítà mú, àbí wọ́n ń wo olùkọ́? Mélòó nínú àwọn olùkọ́ ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí níta? Ta ló ń wá ibi iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lo ọdún kan níta, yunifásítì ni àbí akẹ́kọ̀ọ́? Ní ìkẹyìn, ẹ ní kí wọ́n fi ìjábọ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kọ hàn yín, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ṣí i sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rinrin. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mítà nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sọ ibi tó ti wọ̀n ọ́n, tí kò jáde lọ wo gọ́tà, tó sì ti ní kí wọ́n ṣe DPC tuntun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ wá yunifásítì míì lọ.